Pákó Yìnyín ní Àgbòyí

Ní Àgbòyí, bí ohùn kan bá pe èèyàn láti ibi tí kò sí ilé, èèyàn kì í dáhùn. Kí ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń tu ọkọ̀ ló ti mọ ìyẹn. Odò ń bẹ níwájú wa, àbàtà ń bẹ lẹ́yìn wa, ohun tó sì ń gbé inú àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹja àti alákàn nìkan. Bí wọ́n bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan, pa ẹnu mọ́. Bí wọ́n bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, wo ẹsẹ̀ ara rẹ. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ló máa ń pè lẹ́ẹ̀kẹta. Òkú àti iwin kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀.

Àpínkẹ́, ìyá tó bí bàbá Fàsásì, ló fi òfin yìí sí Fàsásì létí lábẹ́ òṣùpá. Ìyá Fàsásì kú nígbà tó bí i, ìyá àgbà yìí ló sì tọ́ ọ. Lálaalẹ́ ló máa ń sọ fún un nípa ọdẹ kan tí wọ́n pè láti inú àbàtà, tí ẹnu yá jù, tó dáhùn pé “Oò!” Pẹ̀lú “oò” yẹn ni ẹ̀mí ọdẹ náà gba ẹnu rẹ̀ jáde, tó fò lọ bí ìgbà tí adìẹ bá fò kúrò lábẹ́ agbọ̀n. Ara rẹ̀ ṣì dúró síbẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, kò sẹ́ni nínú ilé mọ́. Fàsásì kékeré a wá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, á sùn lọ báyẹn.

Ó dàgbà, ó di géńdé, ó lọ ń ru ẹrù ní Àpápá. Ibẹ̀ ni òun àti Elkanah ti pàdé. Ọmọ Ifákọ̀ ni Elkanah, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹlẹ́rìn-ín èèyàn, ẹni tó lè pa òkú lẹ́rìn-ín. Àpò pánlá ni àwọn méjèèjì jọ ń rù jáde nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò fi apá òsì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, ni ọ̀gá ọkọ̀ kan, tó rí i pé iṣẹ́ kì í bà wọ́n lẹ́rù, ní kí wọ́n bá òun lọ sí Nọ́wè níbi tí pánlá ti ń wá.

Ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, ìyá Elkanah di Fàsásì lọ́wọ́ mú lójú ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ifákọ̀.

“Fàsásì, ìwọ lara rẹ balẹ̀ nínú yín. Eré ni Elkanah mi máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe. Níbi tí ẹ ń lọ yẹn, bó bá pè ọ́, dá a lóhùn.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá.”

“Ṣé o gbọ́? Dá a lóhùn.”

“Mo gbọ́, Màmá.”

Ilẹ̀ tí wọ́n dé, etí òkun ni, òkè sì dúró lẹ́yìn ilé gbogbo bí àgbàlagbà tó ń yọjú wo ohun tí ọmọdé ń jẹ. Wọ́n ń so ẹja ní méjì-méjì mọ́ orí igi, afẹ́fẹ́ tútù á gbẹ ẹ́ títí á fi le bí igi ìdáná. Nígbà òtútù, oòrùn kì í yọ. Ilẹ̀ á kàn mọ́ díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ilẹ̀kùn tó tún pa á dé. Elkanah a ní, “Fàsásì, oòrùn ilé wa ti gbàgbé àdírẹ́ẹ̀sì wa.” Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ pọ́n-ùn sí náírà nílé, àwọn méjèèjì ò sí níbẹ̀, ẹja ni wọ́n ń so.

Bàbá arúgbó kan ló ni ibi tí wọ́n ti ń sá ẹja náà. Wọn ò lè pe orúkọ rẹ̀ tán, nítorí náà wọ́n ń pè é ní Bàbá Onípánlá. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ padà, bàbá yìí rí i pé àwọn ọmọkùnrin náà ń ṣe bí adìẹ tí òjò pa, ó bá gbé pákó yìnyín méjì-méjì, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ rìn lórí yìnyín, jáde láti inú àká rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ ìsinmi, ẹni tó bá jókòó sílé nílẹ̀ àwọn, ìrònú ni yóò pa á. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ gun òkè, kì í ṣe èyí tí gbogbo èèyàn ń gùn o. Inú igbó yìnyín gan-an, níbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀.

Pákó náà gùn ju èèyàn lọ, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣóńṣó rẹ̀ sì tẹ̀ sókè bí imú ọkọ̀ àwọn ará Àgbòyí. Ìka ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń dè mọ́ ọn. Gìgísẹ̀ á máa gbéra á máa balẹ̀, bí ẹni ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí wọ́n bá ń gòkè, wọ́n á so awọ onírun mọ́ abẹ́ rẹ̀. Irun náà sùn sí ẹ̀yìn: bí o bá ti pákó síwájú, á lọ bí ọwọ́ tó ń pa ológbò lára láti orí dé ìrù, bó bá fẹ́ yọ̀ padà, irun á dìde, á sì di ilẹ̀ mú. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tú awọ kúrò, wọ́n á fi ìda pa abẹ́ pákó. Ọ̀pá méjì ń bẹ lọ́wọ́, agbọ̀n kékeré wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà rì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìdí ni wọ́n fi rìn ju ẹsẹ̀ lọ.

“Fàsásì, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí tèmi!”

“Èmi kọ́ ni mo ni ìyẹn, ìwọ lo ni í!”

“Èmi? Ta ló wá ni èyí tó wà lọ́rùn mi?”

Bàbá Onípánlá rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dì lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà tó ń rẹ́rìn-ín náà ló fi ọ̀pá gún ojú yìnyín, tó ní kí wọ́n wò ó. Òkè rẹ̀ le gbá bí èèpá, ọ̀pá kọjá èèpá, ó sì wọlé gbọ̀ọ̀ sínú ohun tó rọ̀ bí èlùbọ́. Bàbá fi gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó ń tiro sọ pé, “Ohun tó le lójú tó rọ̀ nínú, òun ni kí ẹ bẹ̀rù.” Fàsásì mi orí. Ó mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àbàtà Àgbòyí máa ń rí nígbà ọyẹ́, bí oòrùn bá sá ojú ẹrẹ̀ gbẹ tí ìsàlẹ̀ ṣì ń dúró de ẹsẹ̀.

Ohun méjì ni bàbá kò fi ṣeré. Èkíní ni okùn pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí oníkálùkù gbọ́dọ̀ so mọ́ ìbàdí, tí yóò máa wọ́ tẹ̀lé e. Bí yìnyín bá ya lulẹ̀ tó bo èèyàn, okùn á léfòó sókè nítorí ó fúyẹ́. Àwọn tó ń wá onítọ̀hún á rí pupa nínú funfun, wọ́n á sì tọ̀ ọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Elkanah fi okùn náà ṣe yẹ̀yẹ́. “Fàsásì, ẹ̀yin Mùsùlùmí lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé àgbò Iléyá ni mo jọ lójú bàbá yìí?”

Èkejì ni ìpè. Níbi tí òkè bá ti burú, ẹni méjì kì í gbà á kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni iwájú á kọjá, á dúró sẹ́yìn àpáta. Ẹni ẹ̀yìn á pe orúkọ rẹ̀, òun náà á dáhùn, ẹni ẹ̀yìn á sì wá tẹ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀. Bó bá pè tí kò sí ìdáhùn, a jẹ́ pé nǹkan ti ṣe ẹni iwájú nìyẹn. Kó pè lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sì fi ọ̀nà sílẹ̀, kó gba àbùjá lọ yọ ọ́.

Fàsásì ní, “Bàbá, nílé tiwa, bí wọ́n bá pè ọ́ níbi tí kò sí ilé, o kì í dáhùn.”

Bàbá Onípánlá wò ó lójú. “Nílé tiwa, ẹni tí kò bá dáhùn, òkú rẹ̀ la ń wá.”

Elkanah fi ọ̀pá gbá pákó Fàsásì. “Tún wá sọ ìtàn ìyá àgbà rẹ fún òkè. Ṣáà ti dáhùn nígbà tí mo bá pè ọ́.”

Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tó yá. Ọdún yí, òmíràn tún yí, ẹsẹ̀ wọn mọ pákó bí ẹsẹ̀ ọmọ Àgbòyí ṣe mọ inú ọkọ̀. Nígbà tó wá di ọjọ́ ìsinmi kan tí ara bàbá kò yá, àwọn méjèèjì nìkan lọ. Ní ọ̀sán, kùrukùru sọ̀ kalẹ̀, ó bo ohun gbogbo: òkè di funfun, ọ̀run di funfun, èèyàn ò mọ ibi tí òun parí sí. Wọ́n dé ibi tó burú. Fàsásì kọjá, ó rọra rìn, ó yí sẹ́yìn àpáta, ó sì dúró. Ibẹ̀ dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀.

“Fàsásì!”

Ohùn náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó jìnnà, bí ohùn ẹni tó fi òwú bo ẹnu. Kò jọ ti Elkanah. Kò jọ ti ẹnikẹ́ni tó ń mí. Kí ó tó ronú, ẹnu Àpínkẹ́ ti là nínú rẹ̀: Pa ẹnu mọ́. Ọmọ kékeré tó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu lábẹ́ òṣùpá ló jí nínú géńdé ọkùnrin, ọwọ́ rẹ̀ sì gbéra lọ sí ẹnu.

“Fàsásì!”

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ń dúró de ẹ̀kẹta. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bó bá jẹ́ Elkanah ni, yóò pè lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ̀kẹta kò dé. Ìró kan ló dé, bí ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ tuntun ya láti òkè dé ìsàlẹ̀, òkè sì mí kanlẹ̀.

Nígbà tó yí jáde lẹ́yìn àpáta, ọ̀nà tó gbà wá kò sí níbẹ̀ mọ́, yìnyín ti ya bò ó. Ojú ẹsẹ̀ Elkanah ló rí lókè lọ́hùn-ún: ó fi ọ̀nà sílẹ̀, ó gba àbùjá, ó ń sáré bọ̀ wá yọ ẹni tí kò dáhùn. Fàsásì wá pupa títí nínú funfun, kò rí. Ó fi ọwọ́ wa ilẹ̀ títí èékánná rẹ̀ fi ṣí. Ìgbà tí yìnyín yọ́ ni wọ́n tó rí òkú. Okùn pupa náà wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó ká a dáadáa bí ẹni ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ mìíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Fàsásì padà wálé. Àwọn tó ti ìlú Òyìnbó dé ń gbé fíríìjì sọ̀ kalẹ̀, àwọn tí kò lọ ibì kankan ti fi owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù ra rédíò. Pákó méjì àti ọ̀pá wọn ni Fàsásì gbé gun èjìká wọ Àgbòyí, pẹ̀lú okùn pupa kan nínú àpò. Mùkáílà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó yanrìn, yí pákó náà po.

“Fàsásì, o lọ Òyìnbó, igi lo gbé bọ̀? Ṣé igi ti tán nílé ni?”

“Bàtà ni.”

“Bàtà! Bí bàtà bá gùn báyìí, ó dájú pé ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀ wà nínú igbó níbì kan.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Fàsásì gbé pákó sí òkè àjà, kò sì gbé e sọ̀ mọ́.

Ó lọ sí Ifákọ̀. Ìyá Elkanah ti gbọ́ pé ọmọ òun kú, ṣùgbọ́n kò mọ irú yìnyín tó lè bo èèyàn. Ó ń fi ọwọ́ pa ilẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

“Ṣé ó ké, Fàsásì?”

“Rárá, Màmá. Ó yá kíákíá ni.”

“Kò pe ẹnikẹ́ni?”

Fàsásì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Kò pe ẹnikẹ́ni.”

“Mo dúpẹ́,” ni ìyá wí. “Mo dúpẹ́ o.”

Fàsásì ti ru àpò pánlá ní Àpápá títí ọrùn rẹ̀ fi wọlé. Kò ru ohun tó wúwo tó “mo dúpẹ́” yẹn rí.

Àṣálẹ́ ọjọ́ tó ti Ifákọ̀ dé ni ohùn náà bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ń wọ̀, àwọn ẹyẹ lékeléke ń fò lọ sùn, ó jókòó létí àbàtà.

“Fàsásì!”

Ohùn òwú. Ohùn inú yìnyín, nínú ooru Àgbòyí. Ó pè lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, á pè é lẹ́ẹ̀mejì, á sì dákẹ́, bí ẹni tó ń fi etí sílẹ̀. Fàsásì kò dáhùn. Ó mọ̀ pé bí òun bá dáhùn òkú, ìtàn ọdẹ yẹn ló kù: ẹ̀mí á gba ẹnu jáde, ilé á ṣófo. Bí kò bá sì dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni ohùn náà yóò máa pè é títí di ọjọ́ ikú.

Ó fẹ́ Hùmúàní láàárín ìyẹn, ọmọbìnrin kan tó ń ṣa ìsáwùrú, ìgbín kékeré etí omi, nínú ẹrẹ̀, tó ń gbé e lọ tà ní ọjà Kétu. Wọ́n bí ọmọ, wọ́n sọ ọ́ ní Gafar. Hùmúàní rí i pé bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ọkọ òun a dẹ́kun ọ̀rọ̀ lójijì.

“Bàbá Gafar, kí lẹ ń gbọ́?”

“Afẹ́fẹ́ ni.”

“Afẹ́fẹ́ wo? Ewé kan ò mì.”

“Hùmúàní, mo ní afẹ́fẹ́ ni.”

Ó fi í sílẹ̀. Obìnrin tó ń ṣa ìsáwùrú mọ ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀, kì í tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọdún kan, ọyẹ́ le tó bẹ́ẹ̀ tí odò fi fà sẹ́yìn jìnnà. Ojú àbàtà gbẹ, ó sán, ó tàn yòò. Àwọn obìnrin wọ inú rẹ̀ lọ jìnnà ju bí wọ́n ti máa ń lọ, ìsáwùrú pọ̀. Ní ọjọ́ kan, wọ́n padà ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń fọ ẹsẹ̀. Fàsásì àti Mùkáílà ń fa ọkọ̀ sókè.

“Hùmúàní ńkọ́?”

“Ó ní òun rí ibì kan níwájú. Ó ní kí á máa lọ, òun ń bọ̀.”

Wọ́n dúró. Oòrùn sọ̀, ó pọ́n bí epo. Kùrukùru ọyẹ́ gùn lórí àbàtà, ọ̀nà iwájú di funfun. Fàsásì rí funfun yẹn, ara rẹ̀ tutù.

“Fàsásì!”

Mùkáílà já okùn ọkọ̀ sílẹ̀. “Ṣé o gbọ́?”

Fàsásì yí sí i. Láti ọjọ́ tí ohùn náà ti ń bọ̀, kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ rí. “Ìwọ náà gbọ́ ọ?”

“Mo gbọ́ ọ. Má dáhùn o!”

“Ìyàwó mi wà níbẹ̀, Mùkáílà.”

“Ṣé ìyàwó rẹ nìyẹn? Ronú, jọ̀ọ́. Ọjọ́ wo ni Hùmúàní pe orúkọ rẹ? Ìyàwó wo ní Àgbòyí yìí ló ń la ẹnu pe ọkọ rẹ̀ ní gbangba? Bó bá jẹ́ òun ni, ‘Bàbá Gafar’ lò bá gbọ́. Ohun kan ló ń wá ọ. Jẹ́ kó wá ọ tì.”

Òótọ́ ni Mùkáílà ń sọ. Kò sí ibi tí èèyàn lè dì mú nínú ọ̀rọ̀ náà kó ní irọ́ ni. Bí òótọ́ ṣe wà lọ́wọ́ Fàsásì lẹ́yìn àpáta ọjọ́sí náà nìyẹn: ó mú òótọ́ dání, ó ń dúró de ẹ̀kẹta.

Ó sáré wọlé, ó gbé pákó méjèèjì àti ọ̀pá wọn sọ̀ láti òkè àjà. Àpínkẹ́ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti ṣú, Gafar sùn lé e lẹ́sẹ̀.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Ìyá Àgbà. Òrí yín ńkọ́?”

“Kí lo fẹ́ fi òrí ṣe?”

“Pákó ni mo fẹ́ fi pa. Wọ́n ń pè mí láti inú àbàtà. Mo fẹ́ dáhùn.”

“Bó bá jẹ́ òkú ńkọ́?”

“Bó bá jẹ́ òkú, mo jẹ ẹ́ ní ìdáhùn.”

Àpínkẹ́ na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa igbá òrí jáde, ó tì í sí i.

“Fàsásì!”

Ẹ̀kejì nìyẹn. Fàsásì kò dúró de ẹ̀kẹta. Ó bọ́ sí etí àbàtà, ó la ẹnu títí erìgì rẹ̀ fi hàn.

“Oòòò! Mo gbọ́ o! Fàsásì rèé! Mo ń bọ̀ o!”

Ó dúró kí ẹ̀mí rẹ̀ jáde. Mùkáílà náà ń wo ẹnu rẹ̀ kó jáde. Kò jáde. Ọkàn rẹ̀ kàn ń lù kì-kì-kì.

Ọkọ̀ ò lè wọ ibẹ̀, omi kò sí. Ẹsẹ̀ ò lè wọ ibẹ̀, ilẹ̀ kò sí. Fàsásì fi òrí pa abẹ́ pákó, ó de ìka ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ó so okùn pupa Elkanah mọ́ ìbàdí, ó so okùn ìfa-àwọ̀n gígùn Mùkáílà mọ́ ọn lẹ́yìn.

“Di ìdí ẹ̀ mú. Bí mo bá ké, kí gbogbo yín fà.”

“Fàsásì, ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Di okùn mú.”

Ó bọ́ sí orí ẹrẹ̀. Èèpá fọ́ lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n pákó gùn, ó pín ìwúwo rẹ̀, kò rì. Ara rẹ̀ rántí ju bí orí rẹ̀ ṣe rántí lọ: má gbé ẹsẹ̀, fà á, jẹ́ kí gìgísẹ̀ gbéra, fi ọ̀pá wo iwájú kí o tó lọ. Agbọ̀n ìdí ọ̀pá gbá orí ẹrẹ̀ pẹ́pẹ́. Òrí ń jẹ́ kó yọ̀. Lẹ́ẹ̀kan, ṣóńṣó pákó òsì bọ́ sábẹ́ èèpá, ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, apá rẹ̀ wọlé dé ìgúnpá. Ó fi ọ̀pá méjèèjì dábùú, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì dìde gẹ́gẹ́ bí bàbá Nọ́wè ṣe kọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń fi ìdí rìn. Ó ń pe “Hùmúàní! Hùmúàní!” Ìdáhùn kò sí. Lẹ́yìn rẹ̀, okùn pupa ń wọ́ bọ̀ nínú funfun.

Agbọ̀n ìsáwùrú ló kọ́kọ́ rí, ó dojú dé. Apá méjì di agbọ̀n náà mú. Hùmúàní ti rì dé abẹ́ apá, ojú rẹ̀ funfun fún ẹrẹ̀ gbígbẹ, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde.

“Mo dé. Má jà. Bí o bá jà, yóò fà ọ́.”

Ó tú pákó kan kúrò lẹ́sẹ̀, ó tì í sábẹ́ àyà Hùmúàní dípò agbọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí èkejì. Ó tú okùn pupa kúrò ní ìbàdí, ó fi dè é lábẹ́ apá, ó di okùn àwọ̀n mọ́ ọn kó má baà já, ó sì ké. Okùn le. Ẹrẹ̀ kò fẹ́ jọ̀wọ́ obìnrin náà, ó ń fà á bí ẹnu ọmọ tí ń fa ọmú. Fàsásì fi ọwọ́ wa ẹrẹ̀ yí i ká bí ó ṣe wa yìnyín nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wa yìí ń mí sí i lójú. Níkẹyìn ẹrẹ̀ dún fà-ù, ó dá a sílẹ̀. Wọ́n fa Hùmúàní lọ sí èbúté lórí pákó bí ẹni ń fa ọkọ̀. Fàsásì ń rá lórí ikùn bọ̀ lẹ́yìn.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fún un ní omi gbígbóná, Àpínkẹ́ fi òrí tó kù pa á lára. Ìgbà tí ohùn rẹ̀ padà ni Fàsásì tẹ̀ sí i létí.

“Hùmúàní, kò sí ìbínú níbẹ̀. Ṣé ìwọ lo pe orúkọ mi?”

Hùmúàní fẹjú. “Èmi? Kí n pe orúkọ yín? ‘Bàbá Gafar’ ni mò ń pè, títí ohùn fi gbẹ lọ́fun mi, kò sẹ́ni tó gbọ́.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹnì kan lẹ́yìn mi tó ń pè yín. Mo rò pé apẹja kan ló rí mi. Mi ò lè yí ọrùn. Ọkùnrin ni. Ohùn rẹ̀ rí bákan, bí ẹni tó di òwú sẹ́nu.” Ó gbé orí díẹ̀. “Ẹ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Níbo ló gbà lọ?”

Mùkáílà dìde, ó jáde. Lẹ́yìn ibi tí Hùmúàní rì sí, kò sí ilé, kò sí ọ̀nà, kò sí àhéré apẹja kankan títí dé odò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Fàsásì lọ sí Ifákọ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá Elkanah, ẹrẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

“Màmá, mo parọ́ fún yín. Ó pe èèyàn. Èmi ló pè. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mi ò dá a lóhùn. Mo rò pé kì í ṣe èèyàn ni. Nígbà tí mi ò dáhùn, ó rò pé nǹkan ti ṣe mí, ó ń bọ̀ wá yọ mí. Ohun tó pa á nìyẹn.”

Ìyá náà kò ké. Kò lù ú. Ó wo ìta gbangba, níbi tí adìẹ kan ti ń tú ilẹ̀.

“Báwo ló ṣe pè?”

“Màmá...”

“Pè é bó ṣe pè é. Mo fẹ́ gbọ́ ọ.”

Fàsásì mí sínú. Ó mú ohùn náà jáde láti ibi tó ti ń gbé láti ọjọ́ yìí, tẹ́ẹ́rẹ́, jíjìnnà, òwú lẹ́nu. “Fàsásì!”

“Oò!” ni ìyá Elkanah dáhùn. Ó dáhùn bí ìyá ṣe ń dá ọmọ lóhùn láti ilé ìdáná, kí omijé tó bọ́. “Oò, ọmọ mi! A gbọ́ ọ! A ti gbọ́ ọ!”

Fàsásì padà sílé lẹ́yìn ìyẹn, ìyá náà kò sì bi í léèrè ohunkóhun mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá se oúnjẹ nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó máa ń bu ti Fàsásì sọ́tọ̀, bí Fàsásì bá wá, bí kò bá wá.

Pákó yìnyín kò padà sí òkè àjà. Ara ògiri ló ń dúró sí, òrí ń dán lábẹ́ rẹ̀, okùn pupa kọ́ sí i lórí. Mùkáílà kò tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Òfin Àgbòyí sì wà bó ṣe wà. Ẹ lè bi wọ́n. Nínú ilé Fàsásì nìkan ló ti yí padà. Hùmúàní tún padà sínú ẹrẹ̀, nítorí ìsáwùrú ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n okùn pupa á wà ní ìbàdí rẹ̀, bó bá sì ti dé ibi tí ojú ọkọ rẹ̀ kò tó o mọ́, á dúró, á fi ìtìjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ gàdàgbà létí gbogbo ayé.

“Fàsásì!”

“Oò! Mo wà níhìn-ín!”

Àwọn obìnrin yòókù a fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá pọ́n, tí kùrukùru bá gùn lórí àbàtà, tí Hùmúàní ti wálé tó ń fọ ẹsẹ̀, ẹ óò rí Fàsásì tó ṣì dúró létí ẹrẹ̀. Á tẹ́tí. Á tún la ẹnu, á dáhùn lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́, sí ibi tí kò sí ilé.

Kì í jẹ́ kí ohùn náà pè é lẹ́ẹ̀kejì.